Káàdì tárò: "Ifá Òyìnbó" kọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá láti Ìbarà, pé kí á máa pe káàdì tárò, àwọn káàdì aláwòrán tí àwọn kan fi ń wo ọjọ́ iwájú, ní "Ifá Òyìnbó". Wọ́n ní bí àwọn baba wa ṣe rí èso àjèjì tí wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀pẹ òyìnbó náà nìyẹn. Àbúrò kan ní "káàdì àfọ̀ṣẹ" ló tẹ́ òun lọ́rùn. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa gbé igbà lọ sídìí ọ̀pẹ òyìnbó pé òun fẹ́ dá ẹmu. Orúkọ yẹn kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Ifá létí ọmọ Ẹ̀gbá kan ní Ìtokú, ohun tó máa bi yín ni pé odù wo ló yọ, kí sì ni ẹbọ. Odù 256 ló wà, ẹsẹ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni babaláwo fi ń kọ́ ọ sórí. Tárò ń kọ́? Káàdì 78 ni. Àríwá Ítálì ni wọ́n ti ṣe é láàárín ọdún 1400 sí 1500, kí àwọn ọlọ́lá lè máa fi ṣeré. Ọdún 1781 ni ará Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sẹ́ni tó lè ka ohun tí àwọn ará Íjíbítì kọ sára ògiri wọn. Ó di ọdún 1822 kí Champollion, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, tó rí i tú. Bí eré ṣe di awo nìyẹn o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti mú mi ronú ni ibi tí wọ́n ti ní ẹni tó wá dáfá kì í sọ ohun tó bá a wá fún babaláwo, pé owó ni yóò sọ ọ́ sí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí babaláwo bá sì ń ki ẹsẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀. Òótọ́ ni. Yíyẹ ara ẹni wò wà níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹsẹ náà ti wà nílẹ̀ kó tó dé, ẹlòmíì ló ń kì í fún un, ẹbọ sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo bí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ń lo tárò níbí. Ọmọ àbúrò mi ń ránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kútọ̀. Ó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, síbẹ̀ kò kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fa káàdì kan yọ níṣojú mi: ife mẹ́jọ, márùn-ún nísàlẹ̀, mẹ́ta lórí wọn, àlàfo kan sì ṣí sílẹ̀ lókè níbẹ̀. Ẹnì kan tó wọ aṣọ pupa kọ̀yìn sí wọn, ó ń tẹ̀pá lọ sórí òkè, òṣùpá ń wò ó. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní, "Àǹtí, ife tí kò sí níbi àlàfo yìí ni mo ṣì jókòó tí mò ń retí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi." Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Àfọ̀ṣẹ dà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀la fún un. (Pamela Colman Smith ló ya àwòrán yẹn, fún A. E. Waite tó ṣètò àwọn káàdì náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1909. Ṣáájú rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ káàdì tárò, ife mẹ́jọ lásán ni ẹ máa rí, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀.)

Mi ò ní kò sẹ́ni tó ń fi wo ọjọ́ iwájú. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń gbowó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á má ti iṣẹ́ bọ orúkọ ohun èlò. Obì ni obì ń jẹ́, à báà jẹ ẹ́, à báà dà á. Ẹ jẹ́ kí káàdì tárò máa jẹ́ káàdì tárò. Ẹni tó ń fi sọ ọ̀la ń fi káàdì ṣe àfọ̀ṣẹ; ọmọ àbúrò mi ń fi káàdì ṣe àṣàrò.

Ẹni tó sì ní "rò" tó wà nínú tárò, ti ìrònú ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí Òyìnbó sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ku irú káàdì kejì, tí Òyìnbó ń pè ní "oracle", èyí tí kò ní iye kan pàtó, tí ẹni tó ṣe é máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí lára. Wọ́n ti dá a lábàá pé "káàdì ọlọ́rọ̀". Ẹ gbé e dé Pansẹ́kẹ kí ẹ gbọ́: káàdì olówó ni wọ́n máa rò, wọ́n á ní ẹ wá fi gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ. "Káàdì amúnironú" ni mo fi sílẹ̀.

Fún ẹ̀yà mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ nínú káàdì tárò pín sí, ife, idà àti ọ̀pá kò le. Ẹ̀kẹrin, tó rí roboto bíi góòlù tí ìràwọ̀ wà láàárín rẹ̀, mo kọ "owó" sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ "owó ẹyọ", kó sọ ìdí rẹ̀, torí kò jọ ẹyọ rárá.