Omi odò ń wọlé wa n'Ífẹ̀: ṣé ká gbé fẹ́ǹsì ga ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé wa ò jìnnà sí odò Ọ̀pà. Òjò ọjọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, omi ni mo tẹ̀. Àpò gàrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti wú bí aboyún. Bàbá Ìbejì ní ká gbé fẹ́ǹsì ga sí i. ₦200,000 ló wà lọ́wọ́. Ṣé ká ná an síbẹ̀ kí òjò àrọ̀kúrò tó dé?

Bíríkìlà Mọdákẹ́kẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀kù. Ṣé ńṣe lomi náà ya wọlé tariwotariwo, àbí ó rọra ń ga?

Ìyá Ìbejì: Ó rọra ń ga ni. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Bíríkìlà Mọdákẹ́kẹ́: Á jẹ́ pé ìsàlẹ̀ odò ni nǹkan ti dí i. Ẹ tẹ̀lé odò náà dé kọ́bátì abẹ́ títì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èyí tá a ṣí lọ́dún tó kọjá, táyà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti tìmùtìmù odindi la bá níbẹ̀. Ti fẹ́ǹsì yẹn, omi tẹ́ ẹ bá lé, ilé aládùúgbò ló ń lọ. Bó bá sì gbára jọ sẹ́yìn ògiri tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò dáa, á wó o lù yín.

Baba Ìlódè: Ọmọ mi, a kì í kọ́lé sí àbàtà láyé ìgbà tiwa. Ọparun ló wà létí odò, ẹ̀yin lẹ gé e. Ẹ lọ wo odò Ẹ̀sìnmìrìn tí Mọrèmi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, kẹ́ ẹ wo ohun tá a sọ ọ́ dà.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Gbòǹgbò ọparun máa ń di etí odò mú, kí ilẹ̀ má baà ya sínú ẹ̀ kó sì kún un. Mọ́mì, ṣé kọnkéré lẹ dà sí gbogbo àgbàlá? Omi ò ní ríbi rì sí nìyẹn. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú àti lóòró, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 5,000 ló máa dà sílẹ̀. Ẹ gbé táńkì gbe díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú odò Ògùnpa n'Íbàdàn lẹ́yìn omíyalé ọdún 1980, síbẹ̀ omi tún ya ìlú náà lóṣù kẹjọ 2011.

Oníná: Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nísàlẹ̀ ògiri o! Bí òjò bá ti ń le, ẹ pa iná gbogbo ilé kí omi tó wọlé. Tómi bá ti wọlé, ẹ má fọwọ́ kan ohun iná kankan mọ́.

Ìyá Ìbejì: Mo ti lọ wo kọ́bátì náà láàárọ̀ yìí. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fìríìjì kan tí ò nílẹ̀kùn ló há síbẹ̀. Mo mọ ilé tí fìríìjì yẹn ti jáde, ṣùgbọ́n mo panu mọ́. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ti gbà pé ká jọ kó o ní Sátidé. Bàbá Ìbejì ṣì ń ráhùn fẹ́ǹsì ẹ̀. Ta ló ní bárò tá a lè yá?