Láptọ́ọ̀pù mi ò gba Windows 11, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fipá fi sí i?

Àǹtí Káàdì Ìgbéyàwó (Kubwa)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru Àbújá yìí náà. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. HP EliteBook 840 G3 ni láptọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ ni mo rà á, Core i5, RAM ẹ̀ 8GB, háàdì ẹ̀ 500GB, irú èyí tó máa ń yí kìrìkìrì nínú yẹn o, kì í ṣe SSD, èyí tí kì í yí rárá tó sì máa ń yára. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, bánà, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé, Corel tí mo fi ń ya káàdì àti Word ni mo ń lò jù. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ó sì ń sọ fún mi ṣáá pé wọn ò tì í lẹ́yìn mọ́ láti October 14, 2025, mo wá ní kí n kúkú bọ́ sí 11, ló bá kọ ọ́ gàdàgbà sí mi lójú pé láptọ́ọ̀pù yìí ò kúnjú òṣùwọ̀n.

Ẹnjiníà kan ládùúgbò wa ní irọ́ ni, òun lè fipá fi sí i, kí n ṣáà gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ gbà, pé tí ẹni tó ṣe nǹkan bá ti ní kò gbà á, ta ni mo fẹ́ lọ bá jà? Àyà ń já èmi náà torí iṣẹ́ kọ́sítọ́mà kún orí ẹ̀ bámúbámú, owó òmíì ò sì sí nílẹ̀, owó ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ṣé kò ní bà á jẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Gwarinpa

Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa ṣiṣẹ́. Tèmi gan-an dàgbà ju tiyín lọ, i5 generation kẹrin ni, 11 ló wà lórí ẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí nǹkan tó ń ṣe é àfi bátìrì tó ti kú. Ẹ ní kó ṣe é jàre.

Akáńtì Lugbe

Ọmọ Ìjẹ̀bú, láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn fi ń jẹun o. Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín eré. Windows 10 yẹn ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́, bó ṣe ń tàn lánàá ló ṣe máa tàn lọ́la, ohun tó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe ààbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, tí wọ́n bá rí ihò tuntun tí àwọn olè lè gbà wọlé wọn ò ní bá yín dí i mọ́. Ẹ̀yin tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń ki fláàṣì wọn bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù yín, ọ̀rọ̀ yẹn kàn yín gan-an.

Àmọ́ Microsoft fi àfikún sí i, ESU ni wọ́n ń pè é, ó ń bá àtúnṣe ààbò lọ títí di October 13, 2026. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n kọ Enroll sí, ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà 22H2 ni Windows 10 yín. Tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tẹ́ ẹ sì gbà kó máa tọ́jú settings yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, 30 dọ́là ni. Èmi ti ṣe é sórí méjì ní ọ́fíìsì wa, kò gba àkókò rárá.

Alátùn-únṣe Wuse 2

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi nìyí. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ò burú, ti ẹnjiníà yẹn náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí wọ́n gbé 11 jáde ní October 5, 2021, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ìyẹn ègé kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí nínú ẹ̀, kó ní Secure Boot, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí nǹkan àjèjì wọlé nígbà tó bá ń tàn, RAM 4GB, àyè 64GB, kí processor Intel inú ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, sì jẹ́ generation kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ikeje. Tiyín, ikẹfà ni. TPM 1.2 ló sábà máa ń wà nínú 840 G3, HP ní nǹkan tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di 2.0, àwọn kan á gba owó lọ́wọ́ yín torí ìyẹn, ẹ má san án, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 2.0 tán processor yín ṣì ò sí nínú ìwé wọn.

Kì í ṣe pé ó lágbára tó tàbí kò lágbára tó. Bí ọkọ̀ tí VIO ò fún ní ìwé ni, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé èrò dé Nyanya lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ ké sí.

Bí a ṣe ń ṣe é ò le. App kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rufus, ọ̀fẹ́ ni, a ó gbé ISO Windows 11, ìyẹn fáìlì tí gbogbo Windows náà wà nínú ẹ̀, sórí ẹ̀, òun nìkan lé ní 5GB, ẹ múra dátà sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dúró de dátà òru, a ó fi fláàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá ti tẹ Start ó máa bi yín bóyá kó yọ òfin RAM, Secure Boot àti TPM kúrò, ẹ máàkì ẹ̀, ó tán. Ibi tí wàhálà wà kọ́ nìyẹn. Wàhálà wà lẹ́yìn ẹ̀. Àtúnṣe oṣooṣù sábà máa ń wọlé, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí ẹ̀ fún irú láptọ́ọ̀pù yín, wọ́n lè dá a dúró lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Èyí tó ń jáde lọ́dọọdún, 24H2, 25H2 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kì í wá fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tún lọ wá ISO tuntun, tún ṣe fláàṣì, tún jókòó tì í. Ọdún méjì sì ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹyọ kan fún Home àti Pro. Ẹni tó fi 24H2 sí i tó wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, October 13, 2026 ni tiẹ̀ máa parí, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ESU tí Akáńtì ń sọ. Kí wá ni wọ́n sá fún?

Ẹ tún bi ẹnjiníà yín léèrè ibi tó ti rí Windows tó wà lórí fláàṣì ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Gwarinpa

Ọ̀gá, ẹ̀ ń dẹ́rù ba èèyàn o. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni.

Àǹtí Káàdì Ìgbéyàwó (Kubwa)

Ẹ ṣé púpọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo pè é, ó ní ó ti pẹ́ tó wà lórí fláàṣì òun, ẹnì kan ló fún òun, wọ́n ti bá a tún un ṣe, wọ́n ti yọ àwọn nǹkan tó ń jẹ́ kó wúwo kúrò, kò sì ní bèèrè kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó ní òun máa fọ̀ ọ́ nù pátápátá kóun tó fi sí i. Corel mi ńkọ́? Ta ló máa bá mi fi padà?

Alátùn-únṣe Wuse 2

Hàà! Ẹ má gbé e fún un. Windows tí ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ ti tú nínú tó tún pa dé, ẹ wá fẹ́ máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù báńkì lórí ẹ̀? Orí sáìtì Microsoft ni wọ́n ti ń gbé ISO, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìdí tí èèyàn á fi máa gba ti ọwọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ tó sì ń fi ń fọ́nnu yẹn, ẹ wo Settings yín, ibi tí wọ́n kọ Activation sí, tó bá ti jẹ́ digital license ló wà níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù yẹn ti ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, 11 máa dá a mọ̀ fúnra ẹ̀.

Kò sì pọn dandan kó fọ nǹkan kan nù. Inú Windows 10 gangan lèèyàn ti lè ṣí fláàṣì Rufus yẹn, kó tẹ setup, kó mú èyí tó ní kó tọ́jú fáìlì àti app, Corel yín á bá yín débẹ̀. Tí kò bá wù yín lẹ́yìn tó parí, ọjọ́ mẹ́wàá wà tẹ́ ẹ fi lè padà sí 10 láti ibi Recovery. Síbẹ̀ náà, ẹ kó iṣẹ́ yín sórí háàdì ìta kan ná, iná tó bá lọ ní ìdajì iṣẹ́ ò mọ Recovery kankan.

Tíṣà Samaru (Zaria)

Ẹ kúrò lórí Windows, kẹ́ ẹ sinmi. Linux Mint ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò bèèrè TPM, Mint 22 máa gba àtúnṣe títí di 2029, LibreOffice wà lórí ẹ̀ fún ìwé títẹ̀, fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì àwọn ọmọ yẹn ò sì ní rí ibi dúró sí. Mo ti fi sórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ ilé ìwé wa tó ti di àkísà, ó ń sáré.

Àǹtí Káàdì Ìgbéyàwó (Kubwa)

Ẹ ṣé sà. Ṣé Corel wà lórí ẹ̀?

Tíṣà Samaru (Zaria)

Rárá, àmọ́ Inkscape wà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Jos La Wà

Tíṣà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ wàllàhì. Ẹni tí káàdì ọdún mélòó kan wà nínú fáìlì Corel ẹ̀, tí kọ́sítọ́mà ń dúró nílẹ̀ pé "ẹ bá mi pa orúkọ bàbá dà nínú ti ọjọ́ yẹn", ẹ wá ní kó lọ kọ́ Inkscape.

Àǹtí, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn ni háàdì yẹn. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan láptọ́ọ̀pù. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé 100% ló wà, pupa fòò, tí kò ní sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ Corel ẹ lè lọ ra búrẹ́dì kó tó ṣí. Tẹ́ ẹ bá gbé 11 lé háàdì yẹn lórí, ẹ máa sọ pé 11 ni ò dáa, ẹnjiníà á sì sọ pé láptọ́ọ̀pù yín ló ti gbó. SSD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

840 G3 rọrùn láti ṣí, èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, ẹ tú àwọn skúrúù ìdí ẹ̀, wọn kì í já bọ́ sọnù torí wọ́n so mọ́ ìdérí yẹn ni, ẹ fà á kúrò, bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ yọ, háàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i tán, ẹ wo fáànù. Eruku ọyẹ́ tó máa wà nínú fáànù yẹn, ẹ̀rù máa bà yín, tiwa ní Jos níbí a máa ń rí i tó ti dì bí òwú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, ooru ẹ̀ á dínkù.

Alhaja Sabon Gari (Kano)

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ yà níbẹ̀. Èmi ní Dell kan tó jẹ́ Core 2 Duo, ọmọ mi ní ó fẹ́ lò ó fún Windows 11, ṣé Rufus yìí gbà á?

Alátùn-únṣe Wuse 2

Alhaja, ìyẹn ò gbà rárá, kò sí àrà tí wọ́n lè dá. Láti 24H2, Windows 11 nílò àwọn àṣẹ kan nínú processor, SSE4.2 àti POPCNT, Core 2 Duo ò sì ní POPCNT, kò ní tàn ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Core i3, i5, i7 ló ní i. Tíṣà, ẹ̀yin ni kọ́sítọ́mà yìí o.

Tíṣà Samaru (Zaria)

Inú mi dùn. Alhaja, ẹ sọ iye RAM ẹ̀ fún mi, tó bá jẹ́ 4GB, Mint Xfce, èyí tó fúyẹ́, ni kí ọmọ yẹn fi sí i.

Akáńtì Lugbe

Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ fún Àǹtí, bóyá ẹ gbé e fún ẹnjiníà yẹn tàbí ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àkáǹtì Microsoft tiwọn ṣí láptọ́ọ̀pù yín. 24H2 tí wọ́n bá fi síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lè ti gbogbo inú díìsìkì pa fúnra ẹ̀, BitLocker ni, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á wà nínú àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Tó bá dọjọ́ kan tó bá bèèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ lè máa wá ọmọ ọlọ́mọ kiri Mararaba, nọ́ńbà ẹ̀ ò sì ní lọ.

Àǹtí Káàdì Ìgbéyàwó (Kubwa)

Ẹ ò lè mọ bẹ́ ẹ ṣe ràn mí lọ́wọ́ tó. Mo wo Disk yẹn, 100% lóòótọ́, Jos La Wà, àfi bíi pé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti tẹ Enroll náà, ó ti gbà, ọkọ mi ló dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jàre. Mi ò ní fipá fi 11 sí i báyìí. SSD ni màá kọ́kọ́ rà, tówó bá yọjú kí October 2026 tó dé màá wá generation kẹjọ, tí kò bá yọjú màá tún padà wá bá yín nípa Rufus. Ẹ sọ irú SSD tí mo máa rà kí wọ́n má bàa tà mí ní ìtàkutà.

Alátùn-únṣe Wuse 2

840 G5 lẹ máa wá nígbà náà, generation kẹjọ wà nínú ẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó torí àwọn kan nínú ẹ̀ ikeje ni, bí nọ́ńbà processor bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i5-8 ó ti tó. Ti SSD, 2.5 inch SATA ni kẹ́ ẹ bèèrè, 256GB tó yín tẹ́ ẹ bá ń kó iṣẹ́ àtijọ́ sí háàdì ìta, 500GB dáa jù. Ibẹ̀ gan-an tí háàdì wà ló máa wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín clone ẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n kó gbogbo bó ṣe wà láti orí háàdì sórí SSD, Corel yín ò ní mọ̀ pé òun kó kúrò nílé. Háàdì tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ra kéèsì USB fún un, òun lẹ máa fi ṣe bákọ́ọ̀pù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Gwarinpa

Èmi náà fẹ́ tẹ Disk yẹn wò báyìí.