Kò sí ibùsọ̀ lójú òfúrufú

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní kí a máa pe bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra tó lójú òfúrufú ní "ibùsọ̀ òfúrufú", kí iye àkókò tí bàálù ń lò sì máa jẹ́ "ìrìn òfúrufú". Ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ.

"Ibùsọ̀" ti di máìlì nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tipẹ́, n kò lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n létí tèmi, ibi tí alárù ti ń wá ẹni tí yóò sọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti Èkó dé London tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Aṣálẹ̀ Sàhárà, Òkun Mẹditaréníà, ilẹ̀ Faransé, gbogbo rẹ̀ ni bàálù ń ré kọjá láìsọ̀ níbì kankan. "Jíjìn ọ̀nà òfúrufú" tó mi. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ màmá mi yóò gbọ́ ọ láìbi mí léèrè.

"Ìrìn" ńkọ́? Nígbà tí a ń fẹsẹ̀ rìn, "ìrìn ọjọ́ mẹ́ta" ni jíjìn, òun náà ni àkókò. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì ṣe wọn Nínéfè nínú ìwé Jónà. Bàálù ló tú àwọn méjèèjì ká. Èkó sí New York tó bíi kìlómítà 8,400, àlọ ni o, àbọ̀ ni o. Síbẹ̀ àlọ a máa ju wákàtí 11 lọ, àbọ̀ a sì máa yá jù ú, torí atẹ́gùn líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń dojú kọ bàálù ní àlọ, ó ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀. Tí mo bá ní "ìrìn òfúrufú Èkó sí New York", èwo ni mo sọ?

Aago tún dá kún un. Nígbà òtútù ní New York, tí aago ibẹ̀ máa ń fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa, ẹni tó gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́, tó lo wákàtí 12 lókè, aago 5 ìdájí ni yóò bá ní New York. Àbúrò mi kan ka tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, ó ní wákàtí mẹ́fà péré ni, àfi bíi London!

Torí náà, "wákàtí òfúrufú" ni mo dá lábàá, láti ìgbéra dé ìbalẹ̀. (Ẹni tó ní "àkókò ìfò", bàálù ló ń fò, àwa èrò jókòó ni.) Kí "ìrìnàjò" wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá mọ̀ pé ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú ìlà tí a ń tò ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà lè gbà á ní wákàtí ju èyí tí yóò fi dé London.

Ibi tí a ti ń dúró lọ́nà pààrọ̀ bàálù ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ibẹ̀ gan-an ni "ibùsọ̀" ì bá ti wúlò, ká ní máìlì ò tíì gbà á lọ́wọ́ wa.