Ìdúró, ìdúródè àti “retí”: kí ni ètò ń ṣe kí àmì tó dé?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Nínú iṣẹ́ wa láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, àbá tí ó wà níwájú wa ni pé kí a máa lo “ìdúró” fún ohun tí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ń ṣe nígbà tí ó bá ń wọ̀nà fún àmì (signal, ìfitónilétí kékeré) láti ọ̀dọ̀ kernel (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tàbí láti ọ̀dọ̀ ètò mìíràn. Mo fara mọ́ “àmì”. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ti ń jẹ́ orúkọ náà tipẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣi méjèèjì gbọ́ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. “Ìdúró” ni n kò lè gbà.

Bí a bá fi SIGSTOP (àmì tó ń dá ètò dúró) ránṣẹ́ sí ètò kan, ètò náà dúró: kò ṣiṣẹ́, kò sì tún lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ àfi bí SIGCONT (àmì tó ń ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ) bá dé. Ètò tí ó pe sigsuspend() (ìpè tí ètò fi ń dúró de àmì) náà kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ní ohun tí ó ń dúró dè. “De” kékeré yẹn ni èdè wa fi ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tó dúró lè má dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni pé “ètò náà wà ní ìdúró”, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ni a ní lọ́kàn. “Ìdúródè” ni kí a mú.

Ẹlòmíràn láàárín wa dáhùn pé “retí” dùn létí ju “dúró de” lọ, àti pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo lè máa retí àlejò kí n sì máa fọ aṣọ mi lọ. Bí mo bá ní mo dúró de àlejò, mo ti pa aṣọ tì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò tí ó ti fi sigaction() yan iṣẹ́ tí yóò ṣe (iṣẹ́ àyàn) bí SIGTERM, àmì tó ń ní kí ètò parí, bá dé, tí ó sì ń bá ìṣirò rẹ̀ lọ, ń retí. Èyí tí ó pe pause(), ìpè tó ń dá ètò dúró títí àmì yóò fi dé, ni ó ń dúró dè.

Ẹ wo àléébù kan tí àwọn tó ń kọ kóòdù mọ̀ dáadáa. Ètò yẹ iye kan wò bóyá àmì ti dé, ó bá 0 níbẹ̀, ó wá pe pause(). Bí àmì bá bọ́ sí àárín ìyẹ̀wò yẹn àti ìpè yẹn, iṣẹ́ àyàn yóò ṣe, iye náà yóò di 1, ètò yóò sì wá wọ inú pause() lọ láti dúró de ohun tí ó ti kọjá. Bí àmì mìíràn kò bá dé, ibẹ̀ ni yóò wà. Ní àárín ìyẹ̀wò àti ìpè yẹn, ètò náà ń retí, kò tíì dúró dè. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì kò ní rí ibi tí yóò nawọ́ sí. Ìdí tí sigsuspend() fi wà nìyí: a ti dí àmì náà lọ́nà tẹ́lẹ̀, òun yóò sì ṣí ọ̀nà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìdúródè lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àlàfo.

(Ẹ jọ̀wọ́, kí a má sì pe kill() ní “pípa”. Àmì ni ó ń fi ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà àmì náà bá jẹ́ 0, kò tilẹ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó kàn ń wò ó bóyá ètò náà wà ni.)

“Ìrètí” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ kò bá mi lára mu, torí ẹni tó bá ka “ìrètí àmì” lè rò pé ètò náà ń gbàdúrà ni. “Ìfojúsọ́nà” sàn jù.

Ní ti sigwait(), ìpè mìíràn tí ètò fi ń dúró de àmì, tí ẹnìkan ní ó yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìdúródè ṣì ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bí àmì ṣe ń dé: níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ àyàn tí yóò ṣe, nọ́ńbà àmì náà ni a ó fi lé ètò lọ́wọ́, nígbà tí pause() ń dá -1 padà pẹ̀lú EINTR (kóòdù tó ń sọ pé àmì já ìpè náà gbà lójijì). Ẹ jẹ́ kí a máa sọ pé ètò “gba àmì” nínú ti àkọ́kọ́, kí a sì sọ pé àmì “já lù ú” nínú ti èkejì.