Lánlọ́ọ̀dù tó ní sípíà kọ́kọ́rọ́ yàrá yín, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ṣómólú. Rúùmù àti pálọ̀ ni mo gbà, bàbá onílé ń gbé òkè, mítà kan la jọ ń lò, kálukú á dáwó ra yúníìtì. Ìgbà tó yá yúníìtì bẹ̀rẹ̀ sí í tán kíákíá, bàbá bá mú sípíà ọwọ́ wọn, èmi wà níbi iṣẹ́ o, wọ́n ṣílẹ̀kùn mi wọlé pé àwọn fẹ́ wo ẹni tó ń jẹ iná, wọ́n yọ fírísà mi kúrò lára iná, wọ́n tilẹ̀kùn padà. Kí n tó dé, omi ẹja ti ṣàn wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo gòkè lọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní bàbá, ta ló wọ yàrá mi? Wọ́n ní, "Èmi ni, àbí ta ló nilé? Kí lo kó pamọ́ síbẹ̀?"

Mo ní kí káfíńtà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ìjà dé, wọ́n ní kí n kó jáde kí oṣù tó parí. Owó ọdún kan ni mo san o! Nínú òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011, tí àgíríméǹtì ò bá ti sọ nǹkan mìíì, nóòtì oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, tí onílé bá sì fẹ́ wá yẹ ilé wò, á kọ̀wé ṣáájú, ojú ọ̀sán ni á wá. Mo gba Citizens Mediation Centre lọ, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá èèyàn parí ìjà láìdé kóòtù, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n fìwé pe bàbá. Bàbá gbé agbádá wọ̀ wá! Wọ́n sàìn pé àwọn ò ní wọlé láìsọ mọ́, èmi náà sàìn pé owó iná tèmi á lé díẹ̀ torí fírísà. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

—

Tiyín ṣì dáa, àǹtí mi. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ọmọ onílé ló gun òrùlé lọ yọ páànù wa torí a ò gbà kí wọ́n fowó lé owó ilé, lásìkò òjò! Lọ́yà kan ló fi hàn án pé ẹni tó bá fipá lé tẹ́náǹtì láìgba àṣẹ kóòtù, fáìnì ẹ̀ lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kílẹ̀ tó ṣú, páànù ti padà, ìṣó tuntun ni wọ́n fi kàn án.

—

Òfin 2011 yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ o. Ìkòyí lèmi ń gbé, bọ́ìsì kọ́tà ni, ẹ má wá yáwó lọ́wọ́ mi. Àgíríméǹtì tí mo sàìn ni mo dì mú.