Ọtí àná ló gbé àbúrò mi dé kóòtù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹbí wa kì í dárúkọ ẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí àbúrò mi fi ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní ọkọ̀ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Odindi ọdún kan ni mẹkáníìkì yẹn fi ń tún un ṣe.

Ìsọmọlórúkọ kan la lọ ní Dagenham, ní London níbí, alẹ́ Sátidé. Bráńdì wà lórí tábìlì, mo sì rí i tó ń mu ún. Èmi tí n kì í mutí ni mo wa gbogbo wa relé ní nǹkan bí aago kan òru, ọkàn mi balẹ̀. Aago méje àárọ̀, ó wẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì, ó wọ ọkọ̀ fáànù tó fi ń kó ẹrù fáwọn oníbàárà, ó gba títì A13 lọ. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó kú ni ọlọ́pàá torí ẹ̀ dá a dúró, àmọ́ òórùn ẹnu ẹ̀ ló tú u fó. Ó fẹ́ ẹ̀rọ lójú títì, wọ́n tún ní kó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì ní àgọ́, èyí tó kéré nínú méjèèjì ni wọ́n ń lò. 58 ni. 35 ni òfin gbà ní England (ìyẹn ìwọ̀n máíkírógíráàmù ọtí nínú mìlílítà 100 èémí).

Nígbà tó pè mí, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo sùn o. Ẹ mọ̀ pé mo sùn.” Lóòótọ́ ló sùn. Ọtí ò bá a sùn.

Nígbà tí ẹbí gbọ́, àwọn alámọ̀ràn pọ̀. Àǹtí wa kan pè láti Abẹ́òkúta: “Ẹ ní kó sọ pé àgbo jẹ̀dí ló mu, ọtí kọ́.” (Ẹni tó bá ti dé gáréèjì rí mọ ohun tí wọ́n fi ń po páràgà.) Ìyá wa tiẹ̀ rò pé wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n, ó ti ń gbààwẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ àgbo fún lọ́yà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó wà nínú èémí ni òfin ń wò, kò kan ohun tó wà nínú ife. Ó ní tó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ìtanràn; tó bá lọ ń pìtàn àgbo, àǹfààní yẹn á fò lọ. Èmi ni mo jókòó tì í lóru ọjọ́ náà títí tó fi gbà. Lójú tèmi, ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù tí mo ṣe fún un nìyẹn, ó sì bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní kóòtù majísíréètì, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Oṣù 16 láìwakọ̀, ìtanràn, owó kóòtù. Wọ́n ní tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tó sanwó ẹ̀, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó lọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àmì DR10, ìyẹn àmì ẹni tó mutí wakọ̀, á wà lórí láísẹ́ǹsì ẹ̀ fún ọdún 11. Owó ìnṣọ́ránsì ò ṣeé fẹnu sọ.

Èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ní wò mí lójú. N ò bú u nínú mọ́tò lọ́jọ́ kankan. Mo ti bú u tán lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Glasgow: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ní Scotland níbí, 22 ni, láti oṣù Kejìlá 2014. Àna mi wá kí wa láti Manchester, ó fẹ́ 29. Ká ní ọ̀dọ̀ wọn ni, ilé ni ì bá máa lọ. Ọdún kan ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fi wakọ̀.

Màmá Títí: Ọkọ tèmi kọ̀, kò fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ náà rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ní bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí ẹjọ́. Irọ́ gbáà! Kíkọ̀ yẹn gan-an ní ẹ̀sùn tiẹ̀, ó kéré tán ọdún kan náà ni, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rí láísẹ́ǹsì gbà padà. Àwa tá a ti ń kó ìwé jọ láti di ọmọ ìlú! Lọ́yà ní ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó lè padà wá ràn án lọ́wọ́.

Ẹ ṣé, Màmá Títí. Ìbínú yẹn yé mi. Láísẹ́ǹsì àbúrò mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí fíríìjì ló gbé e sí. Kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.