Èsì: pọ́ńkì, ìṣègbèfábo, àti orúkọ tó yẹ àwọn ọmọbìnrin inú eré náà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ń ka àwọn èsì tó ń wọlé, n kò sì fẹ́ dá sí i, àfìgbà tí "wúńdíá" yọjú. Fún ẹni tí kò bá bá wa níbẹ̀rẹ̀: arábìnrin wa kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré orí ìtàgé fẹ́ kọ ìwé ìléwọ́ ní Yorùbá. Eré náà dá lórí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé girama ní ìlú Olympia, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní 1991. Wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì sílẹ̀ (orin gìtá aláriwo tí òyìnbó ń pè ní "punk"), ẹ̀tọ́ obìnrin ni wọ́n sì ń kọ lórin. Ó ní kí a bá òun wá orúkọ fún orin náà, fún àwọn ọmọ náà, àti fún èrò tó gbé wọn dìde. Ẹnìkan dábàá "orin jàgídíjàgan" fún "punk", "àwọn wúńdíá onírúkèrúdò" fún "riot grrrl", orúkọ tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àti "ìṣègbèfábo" fún "feminism". Bàbá wa kan ní kí a má wulẹ̀ wá orúkọ kankan, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àṣà wa.

Orin náà, pọ́ńkì ni. Rẹ́gẹ̀ la pe rẹ́gẹ̀, jáàsì la pe jáàsì. Fújì tí a ń jó, Síkírù Àyìndé Barrister fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara àwòrán òkè kan ní ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfúrufú, lòun ti mú orúkọ rẹ̀. Ta ló béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí lóde ìnáwó? "Jàgídíjàgan" ní tirẹ̀ ń dún bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "punk" fúnra rẹ̀ kò ti inú orin wá. Láyé Shakespeare, aṣẹ́wó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú àwọn eré rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ọmọkùnrin tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgbà ń fi ṣe ìyàwó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà, ó sì di orúkọ ọmọ tí kò nílàárí, kó tó kan àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èébú ni látilẹ̀ wá. Àwọn tí wọ́n fi ń bú ló gbà á mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ di oyè. Ẹni tó bá ń túmọ̀ eré yìí tí kò gbé èébú náà dání, òfìfo igbá ló gbé wálé.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lójú agbo. Kathleen Hanna, tó ń kọrin fún Bikini Kill, ẹgbẹ́ pọ́ńkì kan láti Olympia, a máa fi máàkà kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú obìnrin oníṣekúṣe sára ikùn rẹ̀, á sì gun orí ìtàgé bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó gbé èébú bọ̀ láti ilé lè bá a níbẹ̀. Á ní kí àwọn obìnrin bọ́ síwájú, kí àwọn ọkùnrin sún sẹ́yìn, torí pé lóde pọ́ńkì àwọn ọkùnrin ló máa ń kọlu ara wọn níwájú, tí obìnrin á wà lẹ́yìn, tí á máa bá wọn di kóòtù mú. Á pín bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí fún àwọn tó bọ́ síwájú yẹn. Irú ọmọ báyìí lẹ fẹ́ pè ní wúńdíá! Wúńdíá ni Bíbélì fi pe Màríà. Ọ̀rọ̀ náà ti ń béèrè ohun kan lábẹ́ aṣọ ọmọ náà kó tó béèrè orúkọ rẹ̀, ohun náà gan-an làwọn ọmọ wọ̀nyí sì ní kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọmọge ńkọ́? Ọmọge ti kun àtíkè, ẹni tí wọ́n ń wò ni. Ọ̀dọ́langba dára fún ìwé ìjọba. Ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ kò sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin.

Ìpátá ni tèmi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó ń súfèé, tó la ẹsẹ̀ jókòó, tó ń dá àgbà lóhùn, tí ẹ̀rín rẹ̀ ń dé ilé kejì: "Ẹ wo ìpátá ọmọ yìí o!" Ọkùnrin náà lè jẹ́ ìpátá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ sí obìnrin, wọ́n ti fi ata kún un: ó ń dọ́gbọ́n sọ pé ìrìn alẹ́ ọmọ náà kò dá wọn lójú. Jàǹdùkú kò ní ata yẹn, ọmọ ìta kò ní in. "Punk" ní in, láti ayé Shakespeare.

Ní ti "riot", rúkèrúdò kò burú, ìtàn tiẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1991, ọlọ́pàá yìnbọn fún ọkùnrin ará El Salvador kan ní àdúgbò Mount Pleasant ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ìgboro sì dàrú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, àwọn ọmọ Bikini Kill àti ti ẹgbẹ́ mìíràn, Bratmobile, ti wá sí ìlú náà láti Olympia, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe ìwé fọ́tókọ́pì kékeré kan tí wọ́n sọ ní Riot Grrrl. (Ẹ má wá orúkọ ńlá fún irú ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Sísọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, sítépílà, ó parí.) Àmọ́ "oní" tí ẹ fi síwájú rúkèrúdò yẹn ló bà á jẹ́. Onírúkèrúdò, adájọ́ ló ń retí rẹ̀.

"Grrrl", ìyẹn "girl" tí wọ́n fi "r" kún, lè mú wa ṣeré díẹ̀. Tobi Vail, onílù Bikini Kill, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kọ́kọ́ kọ ọ́ báyẹn, tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ àwọn àgbà obìnrin tó ń yí lẹ́tà padà nínú ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pe obìnrin, tí wọ́n ń sọ "women" di "womyn", kí "men", ìyẹn ọkùnrin, lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọbìnrin kùn bí ajá tí wọ́n fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Yorùbá kò sì ní láti yá lẹ́tà kankan, "r" ti wà nínú obìnrin tipẹ́: ọmọbìnrrrin. Lórí ìwé ìléwọ́ nìkan o. Mi ò fẹ́ rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ó wá ku ìṣègbèfábo. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ ń lò ó ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ẹni tó dábàá rẹ̀ níbí ní "gbè" ló ti wá, bí ègbè tí a ń gbè lẹ́yìn olórin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá ṣègbè, kí ni a ń sọ nípa rẹ̀? Bí ìyá bá ń ṣègbè láàrin ọmọ, ṣé ìyìn ni? Etí ará ọjà á gbọ́ ojúsàájú kó tó gbọ́ orin. Àti pé kí ló dé tó fi jẹ́ abo? Òótọ́ ni pé a ń sọ pé takọ tabo, a sì ń béèrè akọ tàbí abo lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn, abo di ti ewúrẹ́ àti màlúù. Akọ iṣẹ́ ni iṣẹ́ tó le, akọ ibà ni ibà tó ń dáni dùbúlẹ̀. Abo ni èyí tó rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó pariwo ju gbogbo ilé lọ la fẹ́ fún lórúkọ. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin tí rédíò ń lò tó wa. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ ọ láìbéèrè.

Bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ní òpin 1947 làwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú lọ jókòó síwájú ààfin Aláké nítorí owó orí, tí wọ́n ń fi orin bú ọba. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi ará Ìbàdàn léèrè ohun tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ Òkèbàdàn. Fífi orin bú ẹni ńlá, òyìnbó kọ́ ló kó o wá fún wa.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín, sà, kò ju ibì kan lọ. Àwọn tó lé Aláké, ìyá ni wọ́n, ìyá ọlọ́jà, ìyá ọlọ́mọ. Èdè wa ní oyè fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ọ́ ní 1997 pé láyé àtijọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń fi ipò hàn láàrin wa, pé "obìnrin" fúnra rẹ̀ kò sọ pé ẹnìkan wà lábẹ́ ẹnìkan. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ibo wá ni ọmọ ọdún 16 wà? Ari Up pé ọmọ ọdún 14 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún The Slits, ẹgbẹ́ pọ́ńkì àwọn obìnrin, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976. Àbúrò gbogbo ayé ni. Kò tíì bímọ, kò nísọ̀ lọ́jà, kò sí ẹni tó máa pè é ní ìyá kankan. Àfi èébú ni orúkọ tí a ní nílẹ̀ fún un bó bá la ẹnu, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ìpátá sílẹ̀.

Arábìnrin wa, èyí ni ǹ bá kọ: "Ìpátá Ọmọbìnrrrin. Eré orí ìtàgé nípa àwọn ọmọ tó ń kọ pọ́ńkì àti ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin. Ẹ̀yin obìnrin, iwájú ni ìjókòó yín wà."

Ẹ̀yin ará Èkìtì, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú tó wà níbí, kí lẹ̀ ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé tiyín? Bí ọ̀rọ̀ yín bá ta ju ìpátá lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé náà.